Yanrìn Tí Mo Kó fún Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Etí Òkun

Ìbùkún ọmọ mi,

Mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo kí ẹ kú ìbẹ̀rẹ̀ tuntun. Ìyé rẹ, aya mi, ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ẹ pé orúnkún òun ti ń sàn, pé òun ti ń rìn dé etí omi, àti pé kí o máa jẹun. Mo ti sọ ọ́ o. Ẹ̀gbẹ́ mi níbí ló jókòó sí, ó ń ha ìpẹ́ ẹja, ó sì ń yọjú wo ìwé mi bóyá lóòótọ́ ni mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè pé wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́ ní Ìbàdàn, pé ìwọ ni wọn yóò máa dúró dè kí wọ́n tó da kọnkéré, pé bí o kò bá tíì buwọ́ lùwé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da nǹkan kan, Ìyé rẹ pariwo títí àwọn aládùúgbò fi sáré wọlé. Èmi ò pariwo. O ní, "Bàbá, ṣé inú yín ò dùn ni?" Inú mi dùn, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹ yìí, mo ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Mo bà á jẹ́, mo sì panu mọ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

O tún bi mí léèrè ohun tó pa mí lẹ́kún lọ́jọ́ tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì etí òkun wó. Mo ní iyanrìn ló fẹ́ sí mi lójú. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Òótọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ báyìí, nítorí pé ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o jókòó, ọ̀rọ̀ yìí ò kúrú.

Ìgbà tí ìwọ máa fi mọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, àdán ló ń gbé àjà òkè rẹ̀, ẹ̀yin ọmọdé sì máa ń lọ ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì wà nínú ìwé. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Àwọn apẹja ìlú etí omi para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ní ọ́fíìsì tí ojú ò rí irú rẹ̀ rí làwọn fẹ́ kọ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ kì í ṣe ará oko. Ọ̀gbẹ́ni kan tó lọ kọ́ ilé yíyà ní òkè òkun ló ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, àmọ́ awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí ọkọ̀ kan tí a dojú rẹ̀ dé, gbogbo wa sì rọ́ bò ó. Ilé alájà mẹ́rin, funfun báláú. Kò ní ògiri nísàlẹ̀, òpó gbàgìdì gbàgìdì ló dúró lé, kí omi lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba abẹ́ ilé tiwa. Bíríkì oníhò ni wọ́n tò sójú rẹ̀ kí atẹ́gùn òkun lè máa wọlé. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí páànù. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Níbo lòjò yóò gbà sọ̀?"

Bàbá mi ni kò rẹ́rìn-ín. O ò bá a láyé, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ lo gbé wá. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Tí òkun bá dé, báwo la ó ṣe tú u?" O mọ bí ilé wa ṣe rí látijọ́: pákó àti ọparun lórí ẹsẹ̀ igi nínú omi. Bí òkun bá ti ń sún mọ́ ọn, a ó tú u ní pákó kọ̀ọ̀kan, a ó kó o sínú ọkọ̀, a ó sì lọ tò ó pa dà lẹ́yìn ìlú. Kí n tó pé ogún ọdún, mo ti bá bàbá mi tú ilé wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gbẹ́ni awò ojú ní, "Bàbá, èyí ò ní í ṣí nípò láéláé." Bàbá mi ní, "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn." Gbogbo wa fi í rẹ́rìn-ín.

Fọ́máànù iṣẹ́ náà ará òkè ni, Ọ̀gá Sùnmọ́nù là ń pè é. Ó pè mí nítorí pé bàbá mi ní ọkọ̀ ńlá, apá mi sì le. Ó ní yanrìn etí òkun ò gbọdọ̀ wọ inú kọnkéré òun, pé iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀ títí irin yóò fi wú, tí yóò sì fọ́ kọnkéré láti inú. Yanrìn odò lòun fẹ́, láti òkè lọ́hùn-ún, ó kọjá Ìgbòkòdá. Ọjọ́ kan gbáko ni àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ó wá kọ́ mi ní bí mo ṣe máa dá a mọ̀. Ó bu díẹ̀ sórí ahọ́n, ó ní, "Bí o bá rí iyọ̀ nínú rẹ̀, dà á sómi. Bí o ò bá rí, máa kó o bọ̀. Ahọ́n rẹ ni mo gbọ́kàn lé o."

Mo ṣe é dáadáa fún òpó ìsàlẹ̀ àti àjà àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó sú mi. Mò ń tukọ̀ lọ, mò ń tukọ̀ bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ wo ìdíje ọkọ̀ ní Ugbónlá, wọ́n ń pọ́n ara wọn lé lójú àwọn ọmọge, èmi wà nínú yanrìn. Òjò ọdún náà wá pọ̀. Mo rí yanrìn funfun kan lẹ́nu ọ̀sà wa níbí, kò jìnnà sílé rárá. Mo tọ́ ọ wò. Kò sí iyọ̀. Mo tún un tọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo búra fún ẹ, mi ò rí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí kó o. Ọ̀gá Sùnmọ́nù ní, "O ti tọ́ ọ wò?" Mo ní, "Mo ti tọ́ ọ wò, sà." Kò bi mí níbi tí mo ti kó o, èmi náà ò sì sọ. Mo wá ń rí àyè lọ wo ìdíje ọkọ̀.

Jẹ́ kí n dúró níbí kí n fún ẹ ní ìmọ̀ràn àkọ́kọ́, kí n má baà gbàgbé. Bí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé òun ti yẹ nǹkan wò, bi í pé, "Níbo lo ti kó o?" Bi àwọn tó ń kó yanrìn, bi àwọn tó ń gbé irin. Kì í ṣe pé kí o máa fura sí gbogbo èèyàn bí ajá tó pàdánù egungun. Kàn bi í. Ká ní Ọ̀gá Sùnmọ́nù bi mí, n kì bá tí purọ́ fún un, ojú rẹ̀ le púpọ̀.

Ìkejì, ẹ̀rí ọkàn rere nìkan ò tó. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ìyé rẹ ló jẹ́ kí n mọ̀.

Òótọ́ ni! Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, láti ìgbèríko Òkìtìpupa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá wo ilé wa kí n tó fẹ́ ẹ. Ìyá mi bu omi fún un nínú ìkòkò, omi mímu wa tí gbogbo wa ń pè ní omi dídùn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò lè tu ú. Ó gbé e mì, omijé lé ròrò sí i lójú. Nígbà tó ku àwa méjèèjì, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, iyọ̀ lẹ̀ ń mu!" Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé igbá, mo mu ún. Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni mo bá gbé igbá náà sílẹ̀. Inú iyọ̀ ni wọ́n bí ahọ́n mi sí. Iyọ̀ wà nínú omi wa, nínú ẹja wa, nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Ahọ́n yẹn ni mo wá fi ń tọ́ yanrìn wò fún ilé alájà mẹ́rin.

Mo sáré lọ bu ẹ̀kúnwọ́ yanrìn kan wá. Mo ní, "Jọ̀ọ́, tọ́ èyí wò." Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń gba ìyàwó lálejò níbí?" Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó ní, "Iyọ̀ ni!" (Ó ti kà á báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ mú òun pa dà lọ sílé lọ́jọ́ náà.)

Wọ́n ti ń da àjà kẹta nígbà yẹn. Mo lọ bá Ọ̀gá Sùnmọ́nù kí n sọ ọ́. Àárín àwọn òṣìṣẹ́ ni mo bá a. Kí n tó lanu, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ẹ wo ọmọ yìí! Nínú gbogbo yín, òun nìkan ni mi ò kí í ṣọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìbùkún, ìyìn yẹn ló pa mí lẹ́nu dé. Mo dúpẹ́, mo yí pa dà. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti pa dà sódò òkè, yanrìn tó dára ni mo sì kó fún àjà kẹrin. Ilé náà wá ní ẹsẹ̀ tó le, ó ní orí tó le, ìbàdí rẹ̀ ló ní àrùn. Nítorí náà, bí ọ̀gá rẹ bá ń yìn ẹ́, gbà á, dúpẹ́, ṣùgbọ́n má ṣe torí rẹ̀ gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ mì. Ìyìn ti ba èèyàn jẹ́ ju èébú lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, háà! Ọkọ̀ wá láti Òde Mahin, láti Ugbónlá, láti ibi gbogbo. Àwọn ìyá àgbà ń fi ìdí gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ké "Yéè!" Àwọn apẹja ní láti ojú agbami làwọn ti ń rí i, pé bí àwọn bá ti rí funfun yẹn, ọkàn àwọn á balẹ̀ pé àwọn ti dé ilé. Èmi náà gun un dé òkè. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò rí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn yẹn kí àyà mi má já.

Ó gbayì o, fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ró kò-kò-kò láti àárọ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ wà ní àjà àkọ́kọ́, àwọn akọ̀wé wọ táì nínú oòrùn wa yìí. Ẹgbẹ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí jà láàárín ara wọn. Àwọn ìjọba kó ọ́fíìsì tiwọn lọ sí Ìgbòkòdá. Bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí ilé fi dá wáí. Ohun pupa bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn lára ògiri, gbogbo èèyàn ní ìdọ̀tí ni. Èmi mọ̀ pé irin ló ń sunkún. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Ìyé rẹ, òun nìkan tí mo sọ ọ́ fún, á bi mí pé, "Ẹ ti sọ ọ́?" Mo máa ń ní, "Màá sọ ọ́." Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Àìbi mí yẹn le ju bíbi lọ.

Òkun wá gbéra. O mọ apá ìyẹn. Ohun tí o lè má mọ̀ ni pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà mú wa gbàgbé àṣà wa. Láyé bàbá mi, ilé tí òkun bá fojú sí, a ó ti tú u kó tó dé ibẹ̀. Àwọn èèyàn wá ń ní, "Kí la tún ń tú pákó fún? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńkọ́?" Bí òkun ṣe ń gba ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Ìdílé méjìlá ló wà nínú rẹ̀ lọ́dún yìí. Màmá Ẹ̀bùn agbẹ̀bí gbé ibùsùn rẹ̀ sí àjà kejì. Àjà kejì, ọmọ mi! Ibẹ̀ ni yanrìn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oyún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ku oṣù kan, Màmá Ẹ̀bùn ní kó wá máa sùn lọ́dọ̀ òun. Mo gbé ọbẹ̀ ẹja àti pupuru lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ikùn rẹ̀ ga, ó ń kí mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní yẹn ni agbada kan wà tí wọ́n fi gba ohun tó ń já bọ́ láti òkè àjà. Mo wòkè, mo rí irin níta gbangba, ó wú, ó pupa, ó ń ṣí ní ìpele ìpele. Mo ní, "Màmá Ẹ̀bùn, kí lèyí?" Ó ní, "Bàbá, ilé gbó ni. Gbogbo wa la ó gbó." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ mi ni yóò bọ́ sí abẹ́ irin yẹn.

Mo pa dà sílé, mo sọ fún Ìyé rẹ pé, "Dìde, ká lọ." Kò bi mí ibi tí à ń lọ. A lọ bá olórí ìlú, ó sì ní kí wọ́n lu agogo ìjọ. Gbogbo wọn pé sáàárín òpó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Mo dúró níwájú wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀: ahọ́n mi, ẹnu ọ̀sà, ìyìn Ọ̀gá Sùnmọ́nù, ọdún gbogbo tí mo fi dákẹ́. Ìyé rẹ di ọwọ́ mi mú, kò fi sílẹ̀.

Ariwo sọ. Bàbá arúgbó kan ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó ní, "Àádọ́ta ọdún! O ń bá wa jẹun!" Àwọn kan ní kí wọ́n lé mi kúrò nílùú. Màmá Ẹ̀bùn ló dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. A ó máa bú u nínú ọkọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin la fi kó ẹrù, wọ́n sì bú mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbé ẹní, mo gbé ìkòkò, mo gbé ibùsùn agbẹ̀bí, èébú ń rọ̀ lé mi lórí, mo sì ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." N ò tíì gbádùn èébú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwa àgbà tó kù tó mọ iṣẹ́ pákó la kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ri ẹsẹ̀ ilé mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń so ọparun, ojú tì í, ó kọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí a jáde tán, lọ́sàn-án gangan, a gbọ́ ìró kan. Ìbàdí rẹ̀ ló yẹ̀. Àjà òkè jókòó lé àjà ìsàlẹ̀ wọ̀ọ̀, òkun sì kó ìyókù. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀, àní ẹyọ ẹnì kan. Ewúrẹ́ Màmá Ẹ̀bùn nìkan ló jáde láti inú eruku, ó funfun láti orí dé ìrù, ó ń bínú sí gbogbo wa. Ibẹ̀ ni mo jókòó sílẹ̀ tí mo sunkún. Ìtura ló pa mí lẹ́kún, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé nǹkan náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ àfìgbà tó kúrò lórí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tí o rí lójú fóònù, ilé pákó ni wọ́n bí i sí, ó sì ké débi pé a gbọ́ ọ nínú ọ̀sà.

Mo ti gbàgbé iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé. Jẹ́ kí n sáré sọ èyí tó kù. Àwọn kan ti ń tù mí nínú pé, "Bàbá, òkun ì bá sáà mú un náà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpín òkun ti òkun ni, ìpín mi tèmi ni. Bí ilé kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, má ṣe wá òjò tí o máa dì í rù. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Tún máa wá ẹni tí ahọ́n rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ wá tọ́ nǹkan wò. Ohun tó ti mọ́ ẹ lára, o ò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Àlejò ni yóò sọ ọ́ fún ẹ, má sì bá a bínú.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo torí rẹ̀ gbé kálàmù. O máa ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́ yẹn. Má bá mi jiyàn. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Lọ́jọ́ náà, bí o bá mọ̀ lọ́wọ́ àárọ̀, sọ ọ́ kó tó di ọ̀sán. Bí ẹnu rẹ ò bá là, pè mí. Mi ò ní bi ẹ́ bó ṣe jẹ́, mi ò ní bú ẹ. Màá wọkọ̀ dé Ìgbòkòdá, màá wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, màá tẹ̀ lé ẹ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ, màá dúró tì ẹ́ títí o fi máa sọ ọ́ tán. Ìyé rẹ ní òun náà ń bọ̀, pé orúnkún kò ní dá òun dúró.

Èmi bàbá rẹ, tó ti ń sùn fọnfọn lálẹ́ báyìí.